Mi Ò Ta Píjò Bàbá Rẹ

Kwali,
Ọjọ́ Àlàmísì.

Fuad Àlàó, ọmọ tí ẹ̀yìn mi ò gbàgbé,

Ṣé o jí dáadáa? Jamilah ìyàwó rẹ ńkọ́, ṣé ikọ́ rẹ̀ ti lọ? Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ooru Àbújá mú yín jù. Àlàáfíà la wà nílé, ewúrẹ́ dúdú ti bí ìbejì, iṣu sì ta dáadáa. Ìwé ni mo kọ, n kò pè ọ́, nítorí bí mo bá ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù o máa ń já a gbà mọ́ mi lẹ́nu, kò sì sẹ́ni tó lè já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ìwé lẹ́nu. Jókòó kí o kà á tán.

Àwọn ọkùnrin tí o rán wá gbé Píjò bàbá rẹ dé ní ọjọ́ Àtìní, pẹ̀lú lọ́rì àti ẹ̀wọ̀n gìrìwò. Wọ́n ní ọ̀gá Fuad ló ní kí àwọn wá gbé e lọ tà fún àwọn tó ń yọ́ irin. Mo bi wọ́n bóyá ọ̀gá Fuad ló rà á. Wọ́n ní àwọn ò mọ̀. Ni mo bá ṣí ilẹ̀kùn, mo jókòó sídìí sítíárì, mo kọjú sọ́nà. Àgbà inú wọn ń bẹ̀ mí, mo sọ fún un pé, “Ẹ gbé èmi náà mọ́ ọn, kí ẹ wọ̀n wá pọ̀.” Wọ́n wo ara wọn títí, wọ́n mu kúnú lọ́dọ̀ Nafisah aládùúgbò wa, wọ́n lọ.

Mo wo fíídíò tí o fi ránṣẹ́, níbi tí òyìnbó kan ti ní ìpẹtà ni jẹjẹrẹ ọkọ̀, àfi kí wọ́n gé e kúrò. Oorun ò kùn mí. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ mo lọ bi nọ́ọ̀sì bóyá ó lè ran ewúrẹ́, nítorí abẹ́ ọkọ̀ yẹn ni wọ́n ń sùn. Nọ́ọ̀sì fi ìborùn bo ojú, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n, ó dà bí ẹni pé ó ń bá wa sunkún. Ó ní kò lè ran ewúrẹ́. Mo ní ó dáa, a ó gé e nìyẹn.

Mo pe Mùkáílà, ajórinmọ́rin ará Ògbómọ̀ṣọ́ tí ìsọ̀ rẹ̀ wà létí títì. Ó fi òòlù kan ara ọkọ̀ náà, òòlù wọlé lọ. Bí èèyàn bá jókòó níwájú, á máa rí ilẹ̀ láàárín ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Òun náà ní kí n tà á. Mo ní mi ò pè é wá dúnàádúrà. Ó bá ń gé e. Irin tí yóò fi dípò ńkọ́? Mo fún un ní fíríìsà tí o rà fún mi. Má pariwo. Iná tí a ń rí kò tó mú omi tutù, ẹ̀wà ni mò ń kó sínú rẹ̀. Mùkáílà gé ara fíríìsà náà, ó lù ú, ó fi ṣe ilẹ̀ ọkọ̀ àti ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn.

Ibi tó ti ń jó irin náà mọ́ ọkọ̀ lo ti pè lórí fóònù olójú tí a fi ń rí ara wa. Mùkáílà ti ní kí ẹnikẹ́ni má fi ojú lásán wo iná yẹn, ni mo ṣe fi ìborùn bo fóònù, kí ojú rẹ má baà fọ́ ní Àbújá lọ́hùn-ún. Jamilah wá ní mo gé fóònù mọ́ ọ lójú. Mo dáàbò bò ọ́ ni.

Níbi tí mo ti ń bò ọ́, iná ta sí ìjókòó ẹ̀yìn, ó gbiná. Fuad, orí ìjókòó yẹn ni mo bí ọ sí, lọ́nà Gwagwálada, tí bàbá rẹ ń wakọ̀ tí wọ́n ń ṣàdúà. Mo gbọ́ pé bí wọ́n bá bi ọ́ nínú fọ́ọ̀mù ibi tí wọ́n bí ọ sí, Gwagwálada lò ń kọ. Lọ tún un kọ, Píjò ni. Mo figbe ta nígbà tí mo rí èéfín. Nafisah ló sáré gbé odindi ìkòkò kúnú rẹ̀ dà á sí i. Iná kú. Kúnú ń kán lórí Mùkáílà, ó ní òun ò ṣe mọ́. Mo ní, “Bí ìdajì rẹ̀ bá jóná, ìdajì tó kù la ó tún ṣe.” Ó padà sẹ́nu iṣẹ́. Ọkọ̀ ń ta sánsán atalẹ̀ báyìí, eṣinṣin fẹ́ràn rẹ̀.

Èmi ni mo sì wà á. Bàbá rẹ ti kọ́ mi nínú oko iṣu kí wọ́n tó kú, a ò sọ fún ọ nítorí a mọ̀ pé wàá kọ̀. Mo wà á dé títì, mo wà á padà. Alhaji tó wà níwájú mọ́sáláásí ní kai, ó sún sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Mo mọ̀ pé ọkọ̀ náà ń tì ọ́ lójú. Jamilah ti sọ fún mi pé àwọn ọ̀rẹ́ rẹ rí i nínú fọ́tò Iléyá, wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà ti dípẹtà, orúnkún mi ń dún bí mo bá dìde. Ta ni o máa rán wá gbé mi?

Lọ́jọ́ Sátidé, èmi àti Nafisah ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ. Fi owó epo ránṣẹ́, àti owó ọ̀dà, nítorí búlúù ni ọkọ̀, funfun ni ibi tí a lẹ̀, ó ti di màlúù. Má gbàgbé owó kúnú Nafisah tó fi paná. Bí o ò bá rán an, a ó wá bẹ́ẹ̀. Bí máígádì bá bi ọ́ ta ló ń bọ̀, wí pé ìyá mi ni, kí o sì wí i sókè.

Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ohun rere bọ́ lọ́wọ́ rẹ. Ayé ò ní rí ọ bí ohun tí à ń gbé sọnù. Wàá dàgbà, ọmọ rẹ á gbé ọ gẹ̀gẹ̀. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ,
Mùfúlíátù onímọ́tò.