Àárín Àwo Méjì Ni Wọ́n Ti Pè Mí

Ìyá mi àtàtà ní Ayétòrò, ẹ kú ilé o, ẹ sì kú àìrí ara wa láti ọdún iléyá. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja láti Kútọnù níbí. Mo kí ìyàwó ilé tó ń bá mi tọ́jú yín. Mo kí Sùlè àbúrò mi, tí yóò ka lẹ́tà yìí sí yín létí. Sùlè, jọ̀ọ́, má fo ibì kankan. Mo ti ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde nínú ìwé ìròyìn kí àwọn òbí mìíràn lè kà á, nítorí náà kò sí ohun tí à ń fi pamọ́ mọ́.

Ara le díẹ̀. Òjò ni kò jẹ́ ká gbádùn Agblangandan tí mò ń gbé níbí. Omi wọ yàrá dé kókósẹ̀, orí búlọ́ọ̀kù ni mo gbé bẹ́ẹ̀dì lé. Láràárọ̀ ni mo ń ká ṣòkòtò sókè la omi kọjá, kí n tó rí sẹ́míjàn, ọ̀kadà tiwọn níbí, tí yóò gbé mi dé ṣọ́ọ̀bù ní Ganhi.

Iṣẹ́ télọ̀ ń lọ bó ṣe ń lọ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọge kan tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì mú àwòrán ṣòkòtò kan wá nínú fóònù, èyí tó fún mọ́ itan tó wá fẹ̀ bẹ̀ǹbẹ̀ nísàlẹ̀. Ó ní bóyá ni mo lè mọ̀ ọ́n gé, pé tuntun ló dé. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní bóńgò nìyí, mo ti ń gé e kí wọ́n tó bí ìyá rẹ̀.

Nígbà tó lọ tán, ẹ̀rín náà kúrò lẹ́nu mi. Mo mú ṣọ́ọ̀kì, gbogbo ayé ìgbà náà sì dé: irun àfúrò tí a há òòyà sí, bàtà gáráńtì tó ga débi pé ṣe là ń rìn bí ẹni tó fẹ́ fo gọ́tà, kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì gígùn bí etí ewúrẹ́. Mo rántí ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń ta àwo orin nítòsí gáréèjì l'Abẹ́òkúta, tí a máa ń dúró sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ láti àárọ̀ láìra ohunkóhun, tí a ó kàn máa mi orí. Ẹ rántí pé ṣòkòtò mi ń wọ́ nílẹ̀? Ẹ ní kí ẹnikẹ́ni má gbálẹ̀ mọ́ nílé wa, pé kí n ṣáà máa rìn yí àgbàlá ká.

Ìyá mi, Kọ́lá ọmọ mi kò tíì pè.

Oṣù mẹ́jọ rèé tó ti lọ. Àgádéèsì, ìlú kan létí aginjù, ló ti pe Bímpé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbẹ̀yìn, ó ní ọkọ̀ ti ṣe tán, àwọn ń wọ aginjù lọ́la. Láti ọjọ́ náà, kò sí ohùn. Bímpé ti bẹ̀ mí pé kí n yéé pe òun láràárọ̀, pé bí fóònù bá ti dún, àyà òun á já.

Nígbà tí mi ò mọ ohun tí mo lè ṣe mọ́, mo lọ sí ilé rédíò kan tí wọ́n ti ń sọ èdè wa. Obìnrin ará Pobè kan ló ń gba ìkéde sílẹ̀. Mo ní kó fi oríkì Kọ́lá kọ ọ́ pé, Àlàó, ọmọ télọ̀ ní Ganhi, bàbá rẹ ń wá ọ, kò ní bá ọ wí. Mo ní kí wọ́n kà á láàárín orin méjì, bí wọ́n ti ń ṣe nígbà tiwa. Ó wò mí títí.

“Bàbá, ta ló ń gbọ́ rédíò nínú aginjù?”

Mo ní bóyá ìyá ẹni tó bá a lọ á gbọ́. Ó kọ ọ́, wọ́n sì kà á lẹ́ẹ̀mẹta.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ni mẹkáníìkì tí òun àti Kọ́lá jọ ń ṣiṣẹ́ ní Akpakpa yà kí mi. Ó ní gbogbo àwọn ló gbọ́ ìkéde náà, àwọn tilẹ̀ káàánú bàbá ọ̀hún. Ó ní, ta ni Àlàó? Nikó ni gbogbo wọn mọ̀, torí ilé ìwé Faransé ti sọ Kọ́lá di Nikolà látọjọ́ tó ti pẹ́. Ìgbà yẹn ló tó yé mi pé mi ò pe ọmọ yìí ní Àlàó rí láti ìgbà tó ti ń rá kòrò. Ìyá rẹ̀ olóògbé, Ẹ̀gùn Àjàṣẹ́, kò mọ̀ ọ́n pè kó dùn, èmi náà bá fi sílẹ̀. Ọmọ tí a kò fi oríkì pè dàgbà, báwo ni yóò ṣe mọ̀ pé òun là ń pè?

Èmi mọ oríkì tèmi, Ìyá mi. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà.

Ọdún tí mo sá tẹ̀lé àwọn eléré, tí mo di télọ̀ wọn, ẹ ṣe ìkéde lórí rédíò. Nígbà tí mo padà dé lẹ́yìn oṣù mọ́kànlá, tí mo bá yín níjòkòó nídìí rédíò aládùúgbò, ẹ bi mí bóyá mo gbọ́. Mo ní bátìrì rédíò wa ti kú.

Bátìrì kò kú. Mò ń ká etí bóńgò lọ́wọ́, àwo kan ṣẹ̀ṣẹ̀ tán, òmíràn kò tíì bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní Àjàní, ọmọ Ìyá Oníyọ̀ ní Ayétòrò, ìyá rẹ ò rí oúnjẹ jẹ. Bóńgò ni àwọn eléré ń pè mí, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé èmi ni. Onígìtá wa bú Àjàní, ó ní ọmọ wo ló ń ṣe ìyá rẹ̀ báyìí. Èmi náà dáhùn.

“Ọmọ burúkú ni.”

Mo sì ń ránṣọ mi lọ.

Ẹ dárí jì mí, Ìyá mi. Ẹ má wulẹ̀ gbàdúrà pé kí Kọ́lá sàn jù mí lọ. Ẹ bá mi bẹ Ọlọ́run kó jẹ́ pé ó gbọ́, kó jẹ́ pé ó ń ṣorí kunkun síbì kan, tó ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ọmọ tó bá lè kọ ìpè ìyá tàbí bàbá, ó wà láàyè.

Ọlọ́run á dá yín sí fún wa, ojú yín kò ní ríbi. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé, tọmọdé tàgbà, àti ẹnikẹ́ni tó bá ṣì rántí mi ní àdúgbò.

Èmi ọmọ yín ni, ní Agblangandan.