Ṣọ́ọ̀kì Ṣì Wà Lára Ìwé Tí O Fi Ránṣẹ́

Ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí àwọn tí ẹ jọ ń gbé, mo kí ọ̀gá rẹ níbi iṣẹ́ bí kò tilẹ̀ mọ̀ mí. Ṣé ara le, ṣé ò ń jẹun àbí kọ̀ǹpútà lò ń tẹjú mọ́ títí oúnjẹ fi ń tutù? Ẹ̀rọ tí ò ń lò kò ní kú mọ́ ọ lọ́wọ́, ọ̀gá rẹ kò ní rí ọ fín, ohun tí o bá dáwọ́ lé kò ní dàrú mọ́ ọ lọ́wọ́, yàtọ̀ sí èyí tó ti dàrú, tí mò ń bọ̀ wá sọ. Ewúrẹ́ wa ti bímọ, òrùlé ilé ìdáná ṣì ń jò.

A rí ìwé tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù tíṣà, ìyẹn èyí tí ilé ìwòsàn kọ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì nípa bí ẹni tí wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ ojú fún ṣe gbọ́dọ̀ múra. O ní o ti kọ kóòdù tí yóò sọ ọ́ di ìwé gidi tí a lè tẹ̀ jáde, pé iṣẹ́ tí wọ́n gbà ọ́ fún gan-an nìyẹn. Inú mi dùn. Mo sọ fún gbogbo oníbàárà mi pé ọmọ mi náà télọ̀ ni, ìwé tí wọ́n rán fún íńtánẹ́ẹ̀tì ló ń tú, tó ń tún un rán kó lè bá bébà mu. A tẹ̀ ẹ́ jáde, ó di ewé mẹ́rin, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tí ilé rẹ̀ kọjú sí ṣọ́ọ̀bù mi, sì ń kà á fún wa, nítorí èdè òyìnbó ni wọ́n fi kọ ọ́.

O mọ̀ pé ọdún kẹrin rèé tí ìyá rẹ kò ti ríran mọ́, o sì mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni dókítà ojú ń wá lọ́dún. Bí a bá ṣì í ṣe, ó di ọdún mìíràn. Ìdí nìyí tí mo fi ní ohunkóhun tí ìwé bá wí la máa ṣe.

Ọmọ mi, ìwé náà le. Ó ní kí á fi àlàfo ogún sílẹ̀ lápá òsì, kí á fi ogún sílẹ̀ lápá ọ̀tún. Tíṣà ní lẹ́tà méjì kan wà lẹ́yìn ogún náà tí òun ò mọ̀, ṣùgbọ́n èmi tí mo ti ń wọn aṣọ láti ogójì ọdún, ṣé mi ò wá ní mọ íǹṣì ni? Mo fa téèpù yọ, a gbé bẹ́ẹ̀dì ìyá rẹ kúrò lẹ́bàá ògiri, ogún íǹṣì níhìn-ín, ogún íǹṣì lọ́hùn-ún. Ó ní kó wà ní àárín gbùngbùn, a gbé e síbẹ̀. Ó ní kí á fa ìlà yí i ká, mo sì fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà yí bẹ́ẹ̀dì po, ìyá rẹ ń bi mí pé kí ni mò ń họ nílẹ̀, mo ní kó fi mí lọ́rùn sílẹ̀, iṣẹ́ dókítà ni. Ó ní kí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ọgọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, ni mo bá ní kí ìyá rẹ na apá méjèèjì kó gba bẹ́ẹ̀dì tán, èmi bọ́ sórí ẹní. Ó wá ní kó pupa. Mo wá aṣọ pupa, mo rán gáàùn fún un láàárín ọjọ́ kan.

Láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, ìyá rẹ jókòó nínú gáàùn pupa, búrẹ́dì lọ́wọ́ kan, tíì lọ́wọ́ kejì. Ó ní nínú gbogbo ohun tí a ti ń wọ̀n láti ìjẹta, ṣé wọn ò dárúkọ oúnjẹ níbì kankan ni. Mo ké sí tíṣà, ó tún ìwé yẹ̀ wò, ó di ewé kẹta, láàárín àwọn àmì ṣóńṣó-ṣóńṣó tó kún inú ìwé náà, kó tó rí ìlà kan péré: aláìsàn kò gbọ́dọ̀ fi ohunkóhun kan ẹnu láti òwúrọ̀. Mo já búrẹ́dì gbà lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó fi kan ẹnu. Díẹ̀ ló kù kí á ba ọdún kan jẹ́, ẹ̀rù sì bà mí, mi ò ní purọ́ fún ọ.

Ní ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì bi mí pé ta ló ní kí màmá wọ pupa. Mo gbé ìwé fún un, ó kà á, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ó ní gbogbo ogún yẹn, gbogbo àárín, gbogbo pupa, kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀, kó lè mọ bí yóò ṣe to ọ̀rọ̀ sójú ìwé. Ó yé mi lójú ẹsẹ̀. Ṣọ́ọ̀kì ni! Ṣọ́ọ̀kì àti píìnì tí télọ̀ ń fi sára aṣọ kó tó rán an, tí oníbàárà kò gbọ́dọ̀ rí. Ìwọ, ọmọ télọ̀, o gbé aṣọ fún oníbàárà tòun ti píìnì! Mo bá ọ bò ó, mo ní wọ́n ń kán yín lójú níbẹ̀ ni.

Iṣẹ́ abẹ yọrí sí rere. Nígbà tí wọ́n tú báńdéèjì, ìyá rẹ wò mí, ó ní ta ni bàbá arúgbó yìí, gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó wo gáàùn pupa. Ó fi ìka tọ ojú rírán láti èjìká dé ìsàlẹ̀, ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀. Apá òsì gùn ju tọ̀tún lọ, ojú rírán sì wọ́ kọ́lọkọ̀lọ. Nígbà tí a délé, ó bi mí pé láti ìgbà wo ni mi ò ti rí ihò abẹ́rẹ́ mọ́. Mo fẹ́ purọ́, kò ṣeé ṣe. Mo ní ó ti tó ọdún kan àbọ̀, pé ahọ́n ni mo fi ń wá ihò abẹ́rẹ́, pé owó wa kò sì ju ti ojú ẹnì kan lọ, tirẹ̀ ni mo sì fẹ́ kó là.

Nítorí náà, bí owó bá wà lọ́wọ́, fi díẹ̀ ránṣẹ́ sí wa kí á tètè máa tọ́jú owó ojú tèmi, kí n sì rí òwú rà, nítorí oníbàárà mẹ́ta ti dá aṣọ padà, èmi sì rò pé fáàrí ni wọ́n ń ṣe. Tún ìwé ilé ìwòsàn yẹn tú, kí o tún un rán, gbọn ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ dànù, sì kọ ọ́ ní Yorùbá, gàdàgbà gàdàgbà, nítorí èmi ló kàn. Ìyá rẹ ni yóò kà á fún mi. O kúkú ti mọ̀ láti ìlà àkọ́kọ́ pé ọwọ́ ìkọ̀wé yìí kì í ṣe tèmi. Mò ń sọ, ó ń kọ, ó sì ní òun kò ní kọ ọ́ pé gáàùn náà dára.

Ojú tí o fi ń wá oúnjẹ kò ní ṣú. Wàá ríran dalẹ́, wàá rí ire níbi tí o bá kọjú sí. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ, télọ̀.

Èmi ìyá rẹ ni mo fi eléyìí kún un, bàbá rẹ kò mọ̀ pé mo kọ ọ́. Gáàùn náà dára. Òun ni mo wọ̀ báyìí.