Ẹ̀wù Ìyàwó Tí Bọ́tìnnì Ń Ṣáájú Rẹ̀

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé ara le? Ṣé o ń sùn? Ṣé o ń jẹun? Mi ò bi ẹ́ bóyá o ń ṣiṣẹ́, torí ìyẹn ò gba ìbéèrè. Ibi tó o bá fẹsẹ̀ tẹ̀, á rọ̀ ẹ́ lọ́rùn, ẹni tó o bá bá pàdé, oore ni wọ́n á ṣe fún ẹ. Àmín. Bàbá rẹ kí ẹ. Ojú wọn ò tíì sàn o. Dọ́kítà ní ọ̀kan ti lọ, èkejì sì ti fẹ́ tẹ̀ lé e, kò sí nǹkan tí wọ́n lè ṣe sí i mọ́. Bàbá rẹ ṣì ń sọ ọ́ pé kó o wá kí àwọn lè rí ẹ, mo sì ń sọ fún wọn pé o ní wàá wá tí iṣẹ́ bá ti fúyẹ́ díẹ̀.

Kí n tó lọ jìnnà, jẹ́ kí n yìn ẹ́. Ìgbàkígbà tí mo bá pè ẹ́ tí o ò gbé e, kí n tó gbé fóònù kúrò létí lo ti kọ̀wé sí mi pé o wà nípàdé, pé wàá pè mí padà. Ọ̀rọ̀ kan náà ni lójoojúmọ́, kò sí àṣìkọ kankan. Mo fi han ọ̀gbẹ́ni tó ń tún rédíò ṣe, mo ní ẹ wo ọmọ tó mọyì ìyá, nínú ìpàdé náà ó ṣì ráyè tèmi. Ó kàn rẹ́rìn-ín, ó ní kí n máa jèrè ọmọ. Èmi náà máa ń fèsì pé kó o bá mi kí gbogbo àwọn tẹ́ ẹ jọ ń ṣèpàdé, mi ò mọ̀ bóyá o ń jẹ́ iṣẹ́ náà.

Iṣẹ́ rẹ tó o ṣàlàyé fún mi ti yé mi yékéyéké. O ní kọ̀ǹpútà pọ̀ bẹẹrẹ nínú ilé ńlá kan, tí wọ́n ń fi háyà fún àwọn tí ò fojú rí wọn rí, pé iṣẹ́ ń wọlé láti ibi gbogbo, ìwọ lo sì ń ṣètò èyí tó máa lọ sọ́dọ̀ ta ni, kí ọ̀kan má baà ṣiṣẹ́ kú kí èkejì máa jókòó lásán. Tí ọ̀kan bá dákú, wàá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún òmíràn, oníṣẹ́ ò ní mọ̀. Mo ní, ṣebí iṣẹ́ télọ̀ tèmi náà nìyẹn! O tún ní wọ́n máa ń gbóná. Epo máṣíìnì wà nínú páálí yìí, má fi ju ẹ̀kán méjì lọ sí ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó o sì nù ún kó má baà ta sí iṣẹ́ oníbàárà. Mo rán ìbora mẹ́fà fún wọn pẹ̀lú. Mo mọ̀ pé kò ní kárí, kí wọ́n máa gbà á lò fúnra wọn.

Èyí tó wọ̀ mí lára jù ni pé iṣẹ́ kékeré lẹ máa ń kọ́kọ́ ṣe, kí oníṣẹ́ ìṣẹ́jú má baà tò sẹ́yìn oníṣẹ́ ọjọ́ gbọọrọ. Mo pe àwọn ọmọṣẹ́ mi, mo ní láti òní lọ, bí ọmọ mi ṣe ń ṣe é la ó máa ṣe é. Bọ́tìnnì tó já, síìpù tó bàjẹ́, ṣòkòtò tó gùn jù, ìwọ̀nyẹn ló máa ṣáájú. Háà, ọmọ mi, ṣọ́ọ̀bù kún! Wọ́n ń dúpẹ́ lọ, wọ́n tún ń pe ara wọn wá, èmi sì ń fi ẹ́ yangàn káàkiri.

Ẹ̀wù ìyàwó tí ọmọbìnrin oníbúrẹ́dì fẹ́ fi ṣègbéyàwó sì wà lọ́wọ́ wa. Tá a bá ti tẹ́ léèsì náà sórí tábìlì báyìí, ẹnìkan á wọlé tòun ti bọ́tìnnì, a ó bá ká a padà. Iṣẹ́ kékeré kì í tán o. Kò sẹ́ni tó kórìíra ẹ̀wù náà, gbogbo wa la fẹ́ràn rẹ̀, àmọ́ kì í kàn án ni. Ọmọ náà wá, mo ní ó ń lọ lọ́wọ́. Ó tún wá, mo ní kó fọkàn balẹ̀. Nígbà tí ìgbéyàwó ku ọ̀túnla, ó wá, ó fọwọ́ pa léèsì tá ò tíì gé, kò bínú, ó kàn bi mí bóyá torí pé tòun tóbi ni kò fi ní kan òun láéláé.

Ojú gbà mí tì. Mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, mo ní ọba ì báà gbé bọ́tìnnì wá, kó lọ fi abẹ́rẹ́ há a. Ẹnìkan mú apá, ẹnìkan mú àyà, èmi mú ìsàlẹ̀, a rán an títí ó fi parí, ó sì bá a mu wẹ́kú.

Nígbà tó gbé e lọ tán ni mo wá jókòó, tí mo ń ro tiwa. Ọmọ mi, o ò gbàgbé wa. Ọmọ tó gbàgbé ilé kì í ra oògùn ojú ránṣẹ́. Iṣẹ́ ńlá la jẹ́ ni, èèyàn ò lè wálé láàárín ìpàdé méjì, ìdí nìyẹn tí bọ́tìnnì fi ń ṣáájú wa. Mi ò bínú, èmi náà ṣe é fún ọmọ ọlọ́mọ. Ṣùgbọ́n níbi iṣẹ́ yín, tí iṣẹ́ ńlá kan bá ti dúró pẹ́ jù, ṣé ẹnìkan kì í wò ó kó ní ó tó gẹ́ẹ́, kó gbé e síwájú?

Ọ̀rọ̀ owó ló kù. Òwú ti tán nílé, mi ò ní purọ́ pé mi ò fẹ́ nǹkan kan. Àmọ́ èyí tó o fẹ́ fi ránṣẹ́ lóṣù yìí, jọ̀ọ́, fi wọkọ̀ wálé. Lánàá, bàbá rẹ gbé fọ́tò rẹ lọ sójú fèrèsé, wọ́n gbé e súnmọ́ imú, wọ́n ní òjò ti ṣú jù lónìí. Oòrùn ń ràn yòò, ọmọ mi. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ó ṣú.

Ọ̀nà á là fún ẹ, ọkọ̀ á gbé ẹ dé láyọ̀. Ojú tó ń wá ẹ á rí ẹ.

Ìyá rẹ ni.