Fèrèsé Ìdí Ẹ̀rọ Ìránṣọ

Ẹ̀gbọ́n mi,

Èmi àbúrò yín ni mo di bírò mú, èmi akọ̀wé tí ọwọ́ rẹ̀ yá tó bẹ́ẹ̀ tí bírò fi ń yọ èéfín, tí olùkọ́ wa pàápàá ń sún sẹ́yìn kí iná má baà ràn mọ́ ọn láṣọ. Bàbá jókòó síwájú mi, wọ́n ń sọ̀rọ̀. Bó ṣe ń bọ́ lẹ́nu wọn ni mò ń kọ ọ́, n kò fi ẹyọ kan kún un, n kò sì yọ ẹyọ kan kúrò. Ó yá, Bàbá rèé:

Ọmọ mi àgbà, báwo ni ìlú ńlá? Ṣé ara le, ṣé ibi iṣẹ́ kò fa wàhálà? Wàá máa jáde níre, wàá máa wọlé níre, ẹsẹ̀ tó gbé ọ lọ síbẹ̀ kò ní gbàgbé ọ̀nà ilé. Àmín. Ara wa le. Ewúrẹ́ ará ẹ̀yìnkùlé wọ ṣọ́ọ̀bù mi, ó jẹ ìwé tí mo ya àwòrán àga sí láti etí kan, ẹsẹ̀ kẹrin àga náà ló sì bá a lọ, nítorí náà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni mo kàn fún ẹni tó ni ín, mo ní kó lọ bá ewúrẹ́ sọ ọ́.

Àbúrò rẹ ti ka ohun tí o kọ sójú ewé tí o ti ń ròyìn ẹyẹ fáwọn èèyàn nínú fóònù fún mi. O ní kí wọ́n bá ọ kí òǹkọ̀wé tuntun káàbọ̀, pé bàbá rẹ ni, káfíńtà, tí yóò máa kọ̀wé ẹyẹ ránṣẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ní ipò ìyá rẹ. Àbúrò rẹ ní èèyàn mẹ́tàlélógójì ló kí mi káàbọ̀. Ó yà mí lẹ́nu díẹ̀, torí inú ilé mi ni mo jókòó sí, n kò lọ ibì kankan. Ṣùgbọ́n ìkíni kò ṣe é pa tì, mo ní kó dárúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì ń ṣí fìlà sí fóònù, mo ń dá wọn lóhùn. Àwọn kan nínú wọn fi ọkàn pupa ránṣẹ́. Jọ̀wọ́ bá mi dá a padà fún wọn, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni wà láìní ọkàn láyà nítorí káfíńtà.

Ọ̀rọ̀ aṣínà tí a fi ń ṣí ojú ewé náà, tí o ní n kò gbọdọ̀ gbàgbé, mo ti gbẹ́ ẹ sára pátákó, mo kàn án sókè ilẹ̀kùn ìta, lẹ́tà rẹ̀ tóbi dáadáa. Gbogbo ẹni tó ń kọjá ló ń kà á, wọ́n sì ń yìn mí.

O mọ̀ pé èmi ni mo kan pátákó kékeré sójú fèrèsé ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá rẹ, kí ẹyẹ lè máa bà síbẹ̀. Bí ọ̀kan bá ti bà, ìyá rẹ á dá ẹsẹ̀ dúró lórí ẹ̀rọ, á fojú wọ̀n ọ́n, á sì kọ ọ́ sínú ìwé ìwọ̀n, láàárín àwọn oníbàárà rẹ̀: àyà, íńṣì méjì; ìrù, íńṣì mẹ́ta; kò lè dúró jẹ́ẹ́. Inú ìwé yẹn ni gbogbo ohun tí àwọn èèyàn rẹ ń kà ti wá. Èmi náà ti bẹ̀rẹ̀. Láàárọ̀ òní nìkan, igba ẹyẹ ló tò síwájú fèrèsé, ọ̀kan fẹ̀ tó ẹnu ọ̀nà, mo fi tẹ́pù wọ̀n ọ́n, ó na apá rẹ̀ fún mi kó má baà pẹ́. Inú mi ń dùn. Mò ń jẹun dáadáa.

Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n fi ra awò ojú, kí n sì fi ìyókù ra bàtà bọ́ọ̀lù fún àbúrò rẹ, ọmọ dáadáa ni, funfun ni kó jẹ́. Ọwọ́ rẹ kò ní ṣófo láéláé. Èmi ni, bàbá rẹ.

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má tíì ká lẹ́tà náà.

Bírò mi kì í yọ èéfín, ìyẹn ẹ ti mọ̀. Èyí tí ẹ kò mọ̀ ni pé mo fi ọ̀rọ̀ kún un. Bàbá jókòó síwájú mi lóòótọ́, ṣùgbọ́n gbólóhùn kan péré ni wọ́n sọ.

Pátákó ọ̀rọ̀ aṣínà, òótọ́ ni. Láti ọjọ́ tí a ti sin Màámi, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọ́n máa fọwọ́ kan igi, ìdí nìyẹn tí n kò fi lè sọ fún wọn pé kí wọ́n má kàn án síbẹ̀. Wọ́n ṣì ń gbẹ́ ẹ nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìkíni yín sókè, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Mo dé ibi tí ẹ ti kọ ọ́ pé ní ipò ìyá mi. Wọ́n gbé irin iṣẹ́ sílẹ̀. N kò ka ìyókù.

Igba ẹyẹ yẹn, irọ́ ni. Fèrèsé yẹn ti wà ní títì láti ọjọ́ ìsìnkú. Apá aṣọ kan ṣì wà lábẹ́ abẹ́rẹ́, ẹnì kankan kò yọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹyẹ kan ń wá láràárọ̀, ó ń fi ẹnu kan igi fèrèsé láti ìta. Bàbá á wá jókòó sórí àga Màámi, wọ́n á máa gbọ́ ọ títí yóò fi lọ.

Gbólóhùn tí wọ́n sọ ni pé kí n wí fún yín pé fèrèsé yẹn, àwọn kò lè dá a ṣí.

Mo ti kọ ọ́ sínú ìwé ìwọ̀n, lábẹ́ oníbàárà tí Màámi kọ kẹ́yìn: àyà, a kò rí i, ìrù, a kò rí i, ó kanlẹ̀kùn. Bí ẹ bá fẹ́ iṣẹ́ òǹkọ̀wé tuntun, òun nìyẹn.

Owó bàtà yẹn náà, èmi ni mo fi sí i, Bàbá kò mọ̀ nípa rẹ̀. Ẹ fi wọkọ̀ wálé.