Àlọ Wákàtí Méjìlá, Àbọ̀ Wákàtí Mẹ́rin

Ilé Alhaji Àkíbù,
Ẹ̀yìn Mọ́ṣáláṣí,
Darkuman, Accra.
Ọjọ́ Kẹfà, Oṣù Kẹwàá, 2009.

Ìyá Zàíd, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà ni gbogbo yín wà ní Ògbómọ̀ṣọ́? Bàbá Zàíd ńkọ́? Ṣé Zàíd ti ń rìn? Ẹ kú ọdún ààwẹ̀ tó kọjá, a ó ṣe púpọ̀ rẹ̀ láyé. Ara èmi náà yá, àfi ooru Accra tí ìwọ náà mọ̀. Lẹ́tà ni mo kọ, torí inú yàrá ìyá ọkọ mi ni fóònù ń gbé, ojú sì ń tì mí láti sọ irú ọ̀rọ̀ yìí létí wọn.

O mọ̀ pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré lẹ́yìn ìgbéyàwó wa ni ọkọ mi padà sẹ́nu iṣẹ́ ní Dubai. Láti oṣù tó kọjá ni wọ́n ti ń bi mí bóyá kí àwọn ra tíkẹ́ẹ̀tì kí n wá bá àwọn. Mi ò dáhùn. Ká sòótọ́, mi ò tíì mọ̀ wọ́n tó ẹni tí mo lè torí rẹ̀ lọ jìnnà tó bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé, èmi àti Òpéléńgé lọ bá ọkùnrin tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú ní Kaneshie, kí n kàn mọ bí ọ̀nà ṣe jìn tó. Àbúrò ọkọ mi ni Òpéléńgé, orúkọ tí mo sọ ọ́ nìyẹn, ìyàwó kì í kúkú pe orúkọ. Ọkùnrin náà kọ ọ́ sórí bébà fún wa: ọkọ̀ á gbéra ní Accra ní agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, á balẹ̀ ní Dubai ní mẹ́fà àárọ̀. Tó bá ń padà, á gbéra ní mẹ́jọ àárọ̀, á dé Accra ní méjìlá ọ̀sán. Mo fi ìka kà á. Àlọ wákàtí méjìlá, àbọ̀ mẹ́rin.

Mo ní, "Bọ̀dá, kí ló dé tí àbọ̀ fi yá tó báyìí?"

Òpéléńgé ní, "Ìyàwó wa, bóyá àlọ ń gun òkè ni, àbọ̀ ń sọ̀ kalẹ̀."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín tẹ́rùn. Ó ní wákàtí mẹ́jọ ni àlọ, mẹ́jọ ni àbọ̀; kìlómítà tó lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́fà, bí ìgbà téèyàn lọ Kumasi lẹ́ẹ̀mẹẹ́dọ́gbọ̀n. Ó ní aago Dubai ló fi wákàtí mẹ́rin ṣáájú tiwa, oòrùn ibẹ̀ ti ń wọ̀ nígbà tí tiwa ṣì ń jó ni lórí.

Ìyá Zàíd, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti yí padà fún mi. Nínú ààwẹ̀, ojoojúmọ́ ni ọkọ mi ń pè mí bí a bá ti pe ìrun màgàríbà. Wọ́n á ní, "Gbé ògì koko tìrẹ, mo ti gbé tèmi." A ó jọ máa jẹun. Mi ò mọ̀ pé agogo mẹ́wàá alẹ́ ti lù lọ́dọ̀ wọn.

Nígbà tí ìyá ọkọ mi lọ sọ́jà lọ́jọ́ kejì, mo pe ọkọ mi lórí fóònù, mo bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Wọ́n ní omi àti dàbínù làwọn fi ń ṣínu bí oòrùn bá ti wọ̀, àwọn á wá fi oúnjẹ sílẹ̀ dìgbà tí tèmi bá tó. Mo ní kí ló dé tí wọn ò sọ.

Wọ́n ní, "Àgbékẹ́, ṣé mo gbéyàwó tán kí n tún máa dá jẹun ni?"

Mo ní kí wọ́n ra tíkẹ́ẹ̀tì náà. Ọ̀hún ni n ó ti gba ààwẹ̀ tó ń bọ̀, bí Ọlọ́run bá fẹ́.

Ìyá ọkọ mi ò gba ti ọkùnrin Kaneshie yẹn gbọ́ o. Bébà tó kọ ni wọ́n rọ̀ mọ́. Wọ́n ní bó bá jẹ́ wákàtí mẹ́rin ni àbọ̀, kò burú, a ó lè tètè máa wá wo àwọn. Mi ò bá wọn jiyàn.

Bá mi kí bàbá Zàíd àti àwọn ìyá ilé. Gbé Zàíd jó fún mi.

Èmi ṣì ni tìrẹ, nílẹ̀ àti lókè,
Àgbékẹ́.