Ìlà Ilé Tiwa Nínú Ìwé Àdúrà Àdúgbò

Àbúrò mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ àti àwọn ọmọ. Ẹsẹ̀ Bàbá kò wú mọ́, ó sì ń jẹun. Mo ti pààrọ̀ páànù ẹ̀yìnkùlé.

Ọ̀rọ̀ tó mú mi kọ̀wé rèé. Èmi ni mo ń darí ìwàásù ojúlé dé ojúlé ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Mo ṣe ìwé kan, mo kọ aládùúgbò kọ̀ọ̀kan sí i pẹ̀lú ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀, kí àdúrà wa má baà fi àkókò ṣòfò. Ní Sátidé, mo ṣèèṣì fún aránṣọ iwájú ilé wa ní ìwé yẹn dípò ìwé ìwàásù. Ó kà á dé ìlà tirẹ̀: "Ẹnu rẹ̀ mú, kò sì láàánú." Ó rẹ́rìn-ín.

"Sístà Alákòóso, n ò rí ilé tiyín níbí o. Ṣé kí n bá yín kọ ọ́? Lọ́jọ́ tí ilé búrẹ́dì bàbá yín jó, ẹ̀yin lẹ jáde kẹ́yìn. Mo rí yín. Àbúrò yín ti lọ tipẹ́."

Òótọ́ ni. Èmi ni mo gbàgbé iná ààrò. Mo ní ìwọ ni, Bàbá sì lé ọ jáde.

Mo lọ jẹ́wọ́ fún Bàbá lọ́jọ́ Sátidé náà gan-an. Kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, "Mo ti mọ̀ láti ọjọ́ tí iná náà jó. Nínú ẹ̀yin méjèèjì, ìwọ ni iṣẹ́ mi nílò."

Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí àwọn ọmọ rẹ fìwà jọ wá. Jọ̀wọ́, fèsì kí oṣù yìí tó parí, kódà bó jẹ́ èébú.

Ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin