Ilé Ìwé Mẹ́ta Lórí Máàpù Ajégúnlẹ̀

Ọjọ́bọ̀, ìrọ̀lẹ́

Ọkàn mi ò balẹ̀. Mo jókòó, mo tún dìde.

Ní ìpàdé Ajégúnlẹ̀ lónìí, mo ní kí àwọn ará àdúgbò sàmì sórí máàpù, níbi tí kálukú máa wà ní ogún ọdún sí i, kí ọ́fíìsì ètò ìlú wa lè mọ ohun tá a máa kọ́ síbẹ̀. Mo ti ya ilé ìwé mẹ́ta sí i ná.

Màmá Rẹ̀mí, tó dàgbà jù níbẹ̀, wò ó títí. Wọ́n ní, "Ọmọ mi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti jápa. Ṣé àwa arúgbó la máa lọ sílé ìwé ni?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Mi ò tiẹ̀ béèrè iye ọmọ tó kù ládùúgbò...

"Ìwọ náà ńkọ́, ọmọ mi? Ibo lo máa wà?" Màmá Rẹ̀mí ló tún bi mí bẹ́ẹ̀.

Fọ́ọ̀mù físà Kánádà mi wà nínú báàgì tí mo fi gbé máàpù lọ.